Ìtàn Ìkìlọ̀ Àṣìṣe Lórí Fọ́ọ̀mù Íntánẹ́ẹ̀tì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, yóò di odindi. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí láàrin ènìyàn méjì tí wọ́n mọ ara wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá sọ àbọ̀ ọ̀rọ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí, àbọ̀ náà kì í di odindi. Ẹni tí ó bá ti kọ fọ́ọ̀mù lórí íntánẹ́ẹ̀tì rí, tí fọ́ọ̀mù náà sì dá a lóhùn pé "Àṣìṣe wà," láì sọ ibi tí àṣìṣe ọ̀hún wà, yóò mọ ohun tí mo ń wí.

Ní òde òní, ìwọ̀nba ni ohun tí ènìyàn lè ṣe ní ilẹ̀ yìí láì kọ́kọ́ kọ irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ ṣe ìdánwò àṣewọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ẹni tí ó fẹ́ gba ìwé ìrìnnà, ẹni tí ó fẹ́ ṣí àkáǹtì ní báǹkì, gbogbo wọn ni yóò kọ orúkọ, ọjọ́ ìbí àti nọ́ńbà sínú àwọn àlàfo tí a yà sọ́tọ̀. Bí wọ́n bá fo àlàfo kan, tàbí tí wọ́n kọ ohun tí fọ́ọ̀mù kò retí, fọ́ọ̀mù yóò fèsì. Èsì kúkúrú yìí ni mo pè ní ìkìlọ̀ àṣìṣe, ìtàn rẹ̀ ni mo sì fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí. Ìtàn náà kò tíì pé ogójì ọdún. Síbẹ̀, ó kan àwa tí a ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé ìtàn bí a ṣe ń sọ fún ènìyàn pé ó ṣi nǹkan ṣe ni, iṣẹ́ tí àwa pẹ̀lú yóò máa fi báírò pupa ṣe ní ọjọ́ gbogbo.

AKỌ̀WÉ ÀTI ÌKA RẸ̀

Kí ẹ̀rọ tó gba iṣẹ́ yìí, akọ̀wé ni ó ń ṣe é. Ẹni tí ó kọ fọ́ọ̀mù yóò na ìwé sí akọ̀wé lórí káńtà. Akọ̀wé yóò wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ó bá rí ibi tí ó kù, yóò fi ìka lé e, yóò ní, "Màmá, ẹ kò tíì kọ ọjọ́ ìbí yín síbí." Kì í ṣe gbogbo akọ̀wé ni ó ní sùúrù tó báyìí, ṣùgbọ́n èyí tí ó ní i ni kí a wò. Ó fi ìka lé ibi tí àṣìṣe wà gan-an. Ó sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹni náà ṣì dúró níwájú rẹ̀, tí báírò ṣì wà lọ́wọ́. Ó sọ ohun tí ó kù ní èdè tí ó yé e, ó sì bọ̀wọ̀ fún un. Kò fa ìwé náà ya, kò sì ní kí ó lọ bẹ̀rẹ̀ láti ìlà kìn-ín-ní. Ibi tí ó yẹ, àkókò tí ó yẹ, ọ̀rọ̀ tí ó yẹ, àti ìpamọ́ ohun tí a ti kọ dáadáa: ohun mẹ́rin wọ̀nyí ni n óò fi wọn gbogbo ohun tí yóò tẹ̀lé e.

Fọ́ọ̀mù tí a bá fi ránṣẹ́ láti ilé ìfìwéránṣẹ́ kò ní àǹfààní yìí. Ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lè kọjá kí ẹni tí ó kọ ọ́ tó gbọ́ pé òun fo àlàfo kan. Ẹlòmíràn kì í tilẹ̀ gbọ́ rárá. Àwọn fọ́ọ̀mù íntánẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ jọ ti ilé ìfìwéránṣẹ́ ju ti orí káńtà lọ.

ÌBẸ̀RẸ̀ FỌ́Ọ̀MÙ LÓRÍ WẸ́Ẹ̀BÙ

Ní ọdún 1989 ni Tim Berners-Lee, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní CERN, ilé ìwádìí sáyẹ́ǹsì kan nítòsí ìlú Geneva ní Switzerland, dábàá ètò tí a wá mọ̀ sí wẹ́ẹ̀bù. Nígbà tí yóò fi di 1991, àwọn ará ìta ti ń lò ó. Kíkà ni wọ́n kàn ń ka ojú-ìwé rẹ̀ nígbà náà. Òǹkàwé kò rí ibi púpọ̀ tí òun lè kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí.

Ọdún 1993 ni nǹkan yí padà. Ní NCSA, ibùdó ìmọ̀ kọ̀ǹpútà kan ní Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà, wọ́n gbé Mosaic jáde. Mosaic jẹ́ aṣàwákiri, èyíinì ni ètò tí a fi ń ṣí ojú-ìwé wẹ́ẹ̀bù. Kí ọdún náà tó parí, ó ti lè fi àlàfo ìkọ̀wé àti bọ́tìnnì hàn lójú kọ̀ǹpútà. Ibùdó yìí kan náà ni ó la ọ̀nà tí à ń pè ní CGI sílẹ̀, tí kọ̀ǹpútà tí ó gba fọ́ọ̀mù fi lè gbé ohun tí a kọ lé ètò mìíràn lọ́wọ́ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1995, ìlànà HTML 2.0 jáde, Berners-Lee àti Dan Connolly ni wọ́n kọ ọ́, fọ́ọ̀mù sì wà nínú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni fọ́ọ̀mù ti di ara wẹ́ẹ̀bù ní ìlànà.

Báwo ni àyẹ̀wò ṣe ń lọ nígbà náà? Bí ènìyàn bá tẹ bọ́tìnnì, gbogbo ohun tí ó kọ yóò gba wáyà tẹlifóònù lọ sí kọ̀ǹpútà kan tí à ń pè ní sáfà, tí ó lè wà ní òkè òkun. Sáfà ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá rí àṣìṣe, yóò dá ojú-ìwé tuntun padà, gbólóhùn kan ni yóò sì wà lórí rẹ̀: àlàfo kan ṣófo, ẹ padà sẹ́yìn. Ibi tí a ti ka ìkìlọ̀ kì í ṣe ibi tí a ti lè tún àṣìṣe ṣe. Ẹni náà ní láti há ọ̀rọ̀ náà sórí, kí ó padà sí fọ́ọ̀mù, kí ó sì máa wá àlàfo ọ̀hún kiri. Nígbà mìíràn, bí ó bá padà, yóò bá fọ́ọ̀mù náà ní òfìfo, bí ẹni pé kò kọ ohunkóhun rí. Ó dà bí olùkọ́ tí ó dáná sun ìwé iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nítorí pé ìdáhùn kẹta kò tọ̀nà. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn aṣètò kọ̀ǹpútà kọ́ láti dá fọ́ọ̀mù kan náà padà pẹ̀lú ohun tí a ti kọ sínú rẹ̀. Ìpamọ́ ohun tí a ti kọ dáadáa ni wọ́n kọ́kọ́ rí gbà padà nínú ohun mẹ́rin tí akọ̀wé ní.

ÀPÓTÍ TÍ Ń FÒ SÍNI LÓJÚ

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1995, Brendan Eich, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Netscape, fi ọjọ́ mẹ́wàá pilẹ̀ èdè kọ̀ǹpútà kan tí a wá ń pè ní JavaScript. Èdè yìí wọ inú aṣàwákiri Netscape Navigator 2.0, tí ó jáde ní 1996. Ohun tí ó mú wá ni pé kọ̀ǹpútà tí ó wà níwájú ẹni tí ń kọ fọ́ọ̀mù lè yẹ ìwé náà wò fúnra rẹ̀, kí ó tó ránṣẹ́ sí òkè òkun. Àyẹ̀wò fọ́ọ̀mù sì wà lára iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi èdè náà ṣe jù lọ. Ìdúró pípẹ́ kúrò ńlẹ̀. Àkókò tí ó yẹ bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ le. Àpótí kékeré kan ni yóò fò jáde ní àárín ojú kọ̀ǹpútà, yóò bo fọ́ọ̀mù mọ́lẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí ènìyàn fọwọ́ kan ohunkóhun àfi bí ó bá tẹ "OK". Bí ó bá sì ti tẹ̀ ẹ́, àpótí náà ti lọ, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì ti bá a lọ. Ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù a máa sọ àṣìṣe kan lẹ́ẹ̀kan: bí ènìyàn bá tún ọ̀kan ṣe, òmíràn yóò tún fò jáde. Ẹni tí ó ní àṣìṣe márùn-ún yóò gba ìbáwí márùn-ún.

Ohun kan tún wà tí ìgbà yẹn kọ́ àwọn aṣètò. Àyẹ̀wò tí a ṣe nínú kọ̀ǹpútà ẹni tí ń kọ fọ́ọ̀mù, ẹni náà lè pa á tì bí ó bá mọ ọgbọ́n rẹ̀. Nítorí náà sáfà kò gbọdọ̀ gbára lé e. Títí di òní, ẹ̀ẹ̀mejì ni à ń yẹ fọ́ọ̀mù gidi wò: lọ́dọ̀ ẹni tí ń kọ ọ́, láti ràn án lọ́wọ́, àti lọ́dọ̀ sáfà, láti dáàbò bo ilé.

TA NI Ó JẸ̀BI?

Kí wẹ́ẹ̀bù tó dé rárá ni àwọn ọ̀mọ̀wé kan ti ń jiyàn lórí ohùn tí ẹ̀rọ fi ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Ní ọdún 1986, Ben Shneiderman ti Yunifásítì Maryland tẹ ìwé kan jáde lórí bí ènìyàn àti kọ̀ǹpútà ṣe ń pàdé. Ó fi òfin mẹ́jọ lélẹ̀ nínú rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ni pé kí a ṣètò iṣẹ́ lọ́nà tí àṣìṣe ńlá kò fi ní ṣẹlẹ̀, kí àtúnṣe sì rọrùn bí ó bá ṣẹlẹ̀. Igi gogoro má gùn mí lójú, àtòkèèrè ni a ti ń wò ó. Ní 1988, Donald Norman kọ̀wé lórí àwọn ohun èlò ojoojúmọ́. Ó tẹnu mọ́ ọn pé ọ̀pọ̀ ohun tí à ń pè ní àṣìṣe ènìyàn, àléébù ẹni tí ó ṣe ohun èlò ni. Ní 1990, Rolf Molich àti Jakob Nielsen, ọmọ ilẹ̀ Denmark méjèèjì, gbé àwọn ìlànà jáde fún yíyẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wò. Nielsen tún wọn tò sí mẹ́wàá ní 1994. Ìkẹsàn-án nínú wọn ni ó kan ọ̀rọ̀ wa: kí ìkìlọ̀ àṣìṣe lo èdè tí ó yé gbogbo ènìyàn, kí ó tọ́ka sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an, kí ó sì dá ọ̀nà àbáyọ.

Ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ẹni tí ẹ̀rọ bá sọ fún nígbà gbogbo pé ó ṣìṣe, láì júwe ọ̀nà fún un, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbà pé òpè ni òun. Yóò fi fóònù lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, tàbí kí ó lọ sanwó fún ẹni tí yóò bá a kọ ọ́, tí yóò sì fi gbogbo àṣírí rẹ̀ lé àjèjì lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ ríran, ọgbọ́n rẹ̀ pé. Ìdájì gbólóhùn ni kò rí gbọ́.

Ọ̀RỌ̀ PADÀ SÍ Ẹ̀GBẸ́ ÀLÀFO

Ní ọdún 1999, Microsoft fi ohun kan sínú aṣàwákiri Internet Explorer 5 tí ó jẹ́ kí ojú-ìwé lè bá sáfà sọ̀rọ̀ ní ìdákẹ́jẹ́ láì tún ara rẹ̀ ṣí. Ní oṣù Kejì ọdún 2005, Jesse James Garrett fún ọgbọ́n yìí àti àwọn ìbátan rẹ̀ ní orúkọ kan: Ajax. Láti ìgbà náà ni ó ti wọ́pọ̀ pé kí fọ́ọ̀mù fi ọ̀rọ̀ kékeré sí ẹ̀gbẹ́ àlàfo gan-an bí ènìyàn bá ti ń kọ ọ́ lọ: ẹlòmíràn ti gba orúkọ yìí, í-méèlì yìí kò ní àmì @. Ìka akọ̀wé padà dé.

Ní 2009, Luke Wroblewski, ẹni tí ó ti kọ odindi ìwé lórí fọ́ọ̀mù wẹ́ẹ̀bù ní ọdún tí ó ṣáájú, tẹ àbájáde ìdánwò kan jáde. Ènìyàn 22 ni wọ́n lò. Wọ́n fi fọ́ọ̀mù tí ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí a bá tẹ bọ́tìnnì wé èyí tí ń sọ̀rọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ àlàfo. Nínú èyí tí ó dára jù, àṣeyọrí fi ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, àṣìṣe fi ìdá 22 dín kù, àkókò tí wọ́n lò sì fi ìdá 42 dín kù. Ìdánwò kékeré ni, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà nínú rẹ̀ tí olùkọ́ kò gbọdọ̀ gbàgbé. Fọ́ọ̀mù tí ó dúró kí ènìyàn kọ̀wé tán nínú àlàfo kan kí ó tó sọ̀rọ̀ ni ó ṣe dáadáa ju èyí tí ń kígbe nígbà tí ọwọ́ ṣì wà lórí iṣẹ́. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí inú rẹ̀ ń dùn bí olùkọ́ bá já pẹ́ńsù gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó parí gbólóhùn.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2014, HTML5 di ìlànà tí ẹgbẹ́ W3C fọwọ́ sí. Aṣàwákiri fúnra rẹ̀ wá lè mọ àlàfo tí kò gbọdọ̀ ṣófo àti èyí tí ó jẹ́ ti í-méèlì, kí ó sì kìlọ̀ láì jẹ́ pé aṣètò kọ ọ̀rọ̀ kankan. Ó rọrùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà kò mọ ohun tí fọ́ọ̀mù ń bèèrè fún. Nígbà tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìlànà GOV.UK Design System jáde ní 2018, wọ́n ní kí àwọn aṣètò pa ìkìlọ̀ ti aṣàwákiri, kí wọ́n sì kọ tiwọn: àkójọ gbogbo àṣìṣe ní òkè ojú-ìwé, àti ọ̀rọ̀ pàtó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlàfo kọ̀ọ̀kan.

ÀWỌN TÍ KÒ RÍ ÀWỌ̀ PUPA

Fún ìgbà pípẹ́, ohun tí ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù ń ṣe ni pé wọ́n kàn kun etí àlàfo ní pupa. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò fi ìyàtọ̀ sáàárín pupa àti àwọ̀ ewé kò rí ìkìlọ̀ kankan. Ẹni tí kò ríran rárá, tí ó ń lo ètò tí ń ka ojú kọ̀ǹpútà sókè fún un, kò gbọ́ ohunkóhun. Àwọ̀ kò ní ohùn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2008, ìlànà WCAG 2.0 jáde láti ọ̀dọ̀ W3C. Ó ní àwọ̀ nìkan kò tó. Kí fọ́ọ̀mù dárúkọ àlàfo tí àṣìṣe wà, kí ó sì fi ọ̀rọ̀ ṣàlàyé àṣìṣe náà. Ní 2014, ìlànà WAI-ARIA fi àmì ìkọ̀kọ̀ lélẹ̀ tí ń so ìkìlọ̀ mọ́ àlàfo rẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí afọ́jú bá dé ibẹ̀, yóò gbọ́ orúkọ àlàfo náà, yóò sì gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ síbẹ̀. Ìka akọ̀wé di ohùn.

NÍGBÀ TÍ ORÚKỌ WA DI ÀṢÌṢE

Ibi tí ìtàn yìí ti kan àwa ọmọ Yorùbá jù lọ nìyí. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, orúkọ ọmọ sì ni ìjánu ọmọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù ni a ṣe kí ó máa gba lẹ́tà A títí dé Z nìkan. Bí ènìyàn bá kọ Ọláṣubọ̀mí pẹ̀lú àmì rẹ̀, fọ́ọ̀mù yóò ní orúkọ náà kò tọ̀nà. Kì í ṣe pé kọ̀ǹpútà kò mọ àwọn lẹ́tà wa. Láti àwọn ọdún 1990 ni Unicode, àkójọ lẹ́tà gbogbo ayé, ti fún ẹ, ọ àti ṣ ní àyè. Ìyàtọ̀ díẹ̀ tí ó wà ni pé ẹ̀ tàbí ọ́ kò ní àyè odindi kan. Lẹ́tà àti àmì ohùn ni a ń so pọ̀. Ẹ̀bùn jẹ́ lẹ́tà mẹ́rin lójú wa, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà lè kà á sí márùn-ún. Aṣètò tí ó mọ èyí lè pèsè fún un. Ẹni tí kò bèèrè ni ó ń kọ̀ ọ́.

Ní 2010, Patrick McKenzie, aṣètò kọ̀ǹpútà kan, kọ àkójọ 40 èrò òdì tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní nípa orúkọ ènìyàn. Ọ̀kan ni pé irú lẹ́tà kan ṣoṣo ni a fi ń kọ gbogbo orúkọ láyé. Èrò òdì yìí ń dá wàhálà gidi sílẹ̀. Bí fọ́ọ̀mù kan bá kọ àmì, tí òmíràn kọ àmì-àárín orúkọ méjì, tí ẹ̀kẹta gé orúkọ gígùn kúrò, orúkọ ẹnì kan yóò di mẹ́ta lórí ìwé mẹ́ta, wọn yóò sì sọ fún un lọ́jọ́ kan pé ìwé rẹ̀ kò bá ara mu. Ìtumọ̀ náà tún ń sọnù: Òjó tí a bọ́ àmì lórí rẹ̀ di ojo, ọ̀rọ̀ tí à ń lò fún ẹni tí ẹ̀rù tètè ń bà. Bí fọ́ọ̀mù bá kọ̀ orúkọ tí bàbá àti ìyá fúnni, fọ́ọ̀mù ni ó ṣìṣe, ìkìlọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ irọ́.

OHUN TÍ Ó KÙ FÚN WA

Ẹlòmíràn lè bèèrè pé kí ni ó kan ẹ̀ka èdè Yorùbá nínú èyí. Ìdáhùn mi ni pé ìkìlọ̀ àṣìṣe jẹ́ ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ sì ni iṣẹ́ wa. Ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù tí a ń kọ ní ilẹ̀ yìí, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń báni wí. Bí a óò bá kọ wọ́n ní Yorùbá lọ́jọ́ kan, a kò gbọdọ̀ túmọ̀ ìbáwí Gẹ̀ẹ́sì lásán. Èdè wa yóò fi dandan bi wá léèrè: "o" ni tàbí "ẹ"? Fọ́ọ̀mù kò mọ̀ bóyá ọmọdé tàbí àgbàlagbà ni ó jókòó níwájú rẹ̀. "Ẹ" ni ó yẹ kí ó lò. Dípò "Àṣìṣe," kí ó ní: "Ẹ kò tíì kọ ọjọ́ ìbí yín. Ẹ kọ ọjọ́, oṣù àti ọdún, bí àpẹẹrẹ 07/03/2004." Ẹ tún wo àlàfo nọ́ńbà. NIN jẹ́ òǹkà 11, BVN jẹ́ òǹkà 11, nọ́ńbà fóònù wa pẹ̀lú jẹ́ òǹkà 11. Ó rọrùn kí ènìyàn kọ ọ̀kan sí àyè èkejì, kí iye òǹkà sì pé síbẹ̀. Ìkìlọ̀ tí ó bá ní, "A kò rí nọ́ńbà yìí láàrin àwọn NIN. Ẹ wò ó bóyá BVN tàbí nọ́ńbà fóònù ni ẹ kọ síbí," ti gba ẹnì kan lọ́wọ́ ìrìn-àjò sí ọ́fíìsì àti owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀.

Ará iwájú tí ó jìn sí kòtò, ó kọ́ ti ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí àwọn aṣètò fi rìn láti ojú-ìwé tí ń léni padà sẹ́yìn dé ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlàfo, wọ́n sì fi gbogbo rẹ̀ wá ohun tí akọ̀wé onísùúrù ti ń ṣe lórí káńtà tipẹ́. Kò yẹ kí àwa olùkọ́ ọ̀la tún lo ọgbọ̀n ọdún kí a tó kọ́ ọ. Nígbà tí a bá gba ìwé iṣẹ́ ọmọ ilé-ìwé, kí a má ṣe fa ìlà pupa gbọọrọ já gbogbo rẹ̀, kí a sì dákẹ́. Kí a fi ìka lé ibi tí ó ti ṣìnà, kí a sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, kí a júwe ọ̀nà, kí a sì jẹ́ kí ohun tí ó gbà wà bí ó ti wà. Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra. Ó yẹ kí ẹ̀rọ tí ọmọ ènìyàn ṣe mọ èyí. Ó yẹ kí olùkọ́ mọ̀ ọ́n jù ú lọ.